Ta ló ti lọ Tọ́kì tàbí Íńdíà lọ gé àpò oúnjẹ inú ikùn kí ara lè fọn? Ẹ sọ ohun tójú yín rí

Oníkàmpálà Gbági

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Mo ga ní mítà 1.62, kílò 131 ni mo wọ̀n níjẹta. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti pẹ́ lára mi, orúnkún ò jẹ́ kí n gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù mọ́, ìtọ̀ ṣúgà sì ti wá dá kún un. Ajẹ́ńtì kan ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: yàrá rèǹtè-rente, dókítà tó ń rẹ́rìn-ín, obìnrin tó jẹ́ òróbó lápá òsì tó ti di lẹ́pa lápá ọ̀tún. Ó ní 3,500 dọ́là ni gbogbo ẹ̀, iṣẹ́ abẹ, hótẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ tó máa wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú Istanbul. Tí mo bá sanwó kí oṣù yìí tó parí, òun á bá mi yọ 300 kúrò. Èmi tí mo ti ń tajà tipẹ́, mo mọ irú ẹ̀dínwó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá ìwàásù o. Ẹni tó ti lọ, tàbí tó tẹ̀lé ẹnì kan lọ, kó sọ iye tó ná an àti bí ara ṣe rí lẹ́yìn ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó

Mo lọ, mo sì dúpẹ́, ara mi yá. Istanbul náà ni. Ẹ jẹ́ n ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ènìyàn.

Owó tí wọ́n dá lé yín yẹn, ẹnì kan péré ló kàn. Ta ló máa tẹ̀lé yín lọ? Èmi àti ọkọ mi la jọ lọ: tíkẹ́ẹ̀tì méjì, físà méjì, oúnjẹ tirẹ̀ (èmi ò jẹun, omi ọbẹ̀ ni wọ́n ń fún mi). Àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n ní kí n ṣe kí n tó wá, Ìbàdàn níbí ni mo ti sanwó wọn. Nígbà tó yá, dókítà ní kí n má tíì wọ bàálù. Hótẹ́ẹ̀lì tó wà nínú owó àkọ́kọ́ ti tán, àpò ara wa la fi san ìyókù, àwọn oníbàálù náà sì gba owó kí wọ́n tó bá wa yí ọjọ́ padà.

Ẹ má tíì ka wàhálà dọ́là o. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ fún un, oṣù kẹfà 2023 ò tíì dé, dọ́là kan ò ju 700 náírà àti díẹ̀ lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ ẹ ní Sábó. Mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ ni mo ṣírò 3,500 sí. Nígbà tó fi di 2024, dọ́là ti lé ní 1,500, owó kan náà ti di mílíọ̀nù márùn-ún ó lé. Owó kóópù ló gbà mí, mo ṣì ń san án.

Kí n tó lọ, odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò fi gbà mí láyè iyán, àmàlà, ìrẹsì àti ohun dídùn. Ẹ̀dọ̀ ẹni tó sanra máa ń wú bo àpò oúnjẹ mọ́lẹ̀, bí kò bá fọn, dókítà ò ní ríbi gbà. Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an làwọn ará ilé kejì ṣe ìsọmọlórúkọ. Òórùn gbẹ̀gìrì ń gba ojú fèrèsé wọlé, èmi ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mò ń mu omi ọbẹ̀ ẹja. Mo lè fi rẹ́rìn-ín báyìí.

Iṣẹ́ abẹ náà ò la ikùn gbàràgàdà. Ihò kéékèèké ni wọ́n dá, wọ́n ti kámẹ́rà wọlé, wọ́n gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpò oúnjẹ mi dànù. Èyí tó kù kò ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lọ. Apá tí wọ́n gé dànù yẹn ló sì ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ jù pé ebi ń pa mí, ìdí nìyẹn tí ebi fi dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò ṣe é dá padà. Ajẹ́ńtì ò sọ ìyẹn fún mi rí. Ẹnu dókítà ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí mo ti wọ aṣọ ilé ìwòsàn.

Nǹkan bíi wákàtí méje ni bàálù fi ń bọ̀ láti Istanbul sí Èkó. Ẹni tó sanra, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, tó tún jókòó sójú kan fún wákàtí méje, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀ kó sì gbéra lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn ń pa ènìyàn lójijì. Wọ́n fún mi ní ìbọ̀sẹ̀ tó fún mọ́ ẹsẹ̀ pinpin, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, èmi fúnra mi ni mò ń gún un sí awọ ikùn. Mò ń dìde rìn nínú bàálù ni ṣáá. Nígbà tá a dé Èkó, ọkọ mi ní gálọ́ọ̀pù ò ní já ìránpọ̀ ikùn òun, la bá wọ rélùwéè wá sí Mọ̀níyà. (Ikùn òun! Bí ẹni pé òun ni wọ́n gé.)

Mo ti fi kílò tó lé ní ogójì sílẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti ku ẹyọ kan. Irun orí mi já nígbà tó tó bí oṣù kẹrin, kó tó tún hù padà. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ Ìbàdàn wa: ẹni tó bá rù, àìsàn ló ń ṣe é tàbí ìyà ló ń jẹ ẹ́ nílé ọkọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pe ìpàdé lé e lórí pé kí ló ń fi ìyàwó ẹ̀ ṣe. Bá a bá lọ sóde ìnáwó, òkèlè àmàlà mẹ́ta, ó parí. Omi, ó di lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Olóde á ní mo fojú di ọbẹ̀ òun.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Ẹ fi owó yẹn ra bàtà, kẹ́ ẹ máa rìn yípo Agodi Gardens láràárọ̀. Ẹ̀bà alẹ́ ló ń ṣe yín.

Oníkàmpálà Gbági

Bàbá, ẹ kú ìmọ̀ràn. Orúnkún tí mo sọ lókè yẹn ńkọ́, ṣé ẹ máa yá mi ní tiyín ni?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀jọ́ọ̀

Ìyá mi, ẹ má dá Bàbá lóhùn. Ẹni tó bá ti tó ìwọ̀n tiyín, rírìn nìkan kì í sábà ká a, kì í sì í ṣe torí ìmẹ́lẹ́. Ẹ pín kílò yín sí gíga yín, kẹ́ ẹ tún pín èsì ẹ̀ sí gíga náà lẹ́ẹ̀kan sí i: tiyín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50. Láti 2022, àwọn ẹgbẹ́ dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ti fẹnu kò pé ẹni tó bá tó 35 lè ṣe é, tí ìtọ̀ ṣúgà bá wà níbẹ̀, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó láti 30. Ẹ tó ẹni tó lè ṣe é dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni ẹni tó máa gbé fóònù yín lóru nígbà tẹ́ ẹ bá ti padà sílé.

Níbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ yìí, ikú inú ẹ̀ kò pọ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,000. Jíjò ló ń bà wá lẹ́rù. Ojú ibi tí wọ́n fi pínnì irin wẹ́wẹ́ dì lè ṣí, kí ohun tó wà nínú àpò oúnjẹ máa jò sínú ikùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì ló máa ń yọjú, ẹni náà ti wà nílé. Àyà á máa lù kìkì, ara á gbóná, ikùn á máa dùn ún, nígbà míì èjìká òsì á máa ro ó. Ará ilé á ní ibà lásán ni, wọ́n á gba kẹ́míìsì lọ. A ti gba ẹni tó dé pẹ̀lú ìwé ẹyọ kan láti ilé ìwòsàn ọ̀hún, èdè Tọ́kì ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Dókítà wa fi fóònù yà á, ó ń fi Google túmọ̀ ẹ̀, kó tó lè mọ̀ bóyá àpò oúnjẹ nìkan ni wọ́n gé àbí wọ́n tún so ìfun mọ́ ọn. Lórúkọ Ọlọ́run, ẹ gba ìwé iṣẹ́ abẹ yín lédè Òyìnbó kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́hùn-ún.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, kí dókítà tó máa mú ọ̀bẹ fúnra ẹ̀ bá yín sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Tọ́kì ló ń fún àwọn ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú àlejò níwèé àṣẹ, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gan-an ti kọ ọ́ sínú ìmọ̀ràn ìrìn-àjò wọn pé àwọn ọmọ ìlú wọn ti kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n lọ ṣe níbẹ̀. Bí ajẹ́ńtì bá sì ní "kò gba ọ̀bẹ, abẹ́rẹ́ botox la máa gún sínú àpò oúnjẹ", ẹ sá. Ní 2023, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó lọ gún un ní Tọ́kì, tó fi mọ́ àwọn tó wá láti Jámánì, ni májèlé inú abẹ́rẹ́ yẹn dá iṣan wọn dúró, àwọn kan wọ iyàrá ìtọ́jú pàjáwìrì.

Àwọn tó ti ṣe é, ẹ má lo Alabukun mọ́, áspírínì wà nínú ẹ̀, ó lè dá ọgbẹ́ sí ibi tí wọ́n so, pàápàá ẹni tí wọ́n tún ìfun rẹ̀ so. Ẹ yẹra fún àgbo olómi ọtí, kíá ló máa wọnú ẹ̀jẹ̀ yín. Obìnrin tó ṣì ń bímọ, ẹ má lóyún kó tó pé ọdún kan sí ọdún kan àtààbọ̀. Ara tó bá ń fọn máa ń tètè gba oyún, torí náà kẹ́ ẹ yáa ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa fi dá a dúró.

Ọmọ Ológùnẹ̀rú

Ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ nípa kẹ́míìsì yẹn, ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Ó dé tòun ti ẹ̀rín, ó ń ya fọ́tò. Nígbà tó yá ara ẹ̀ ń gbóná, Màmá ní ibà ni, a ra oògùn ibà, ó lò ó tán. Kò jẹun, kò sùn, àyà ẹ̀ ń lù débi pé a ń rí i lára síńgílẹ́ẹ̀tì ẹ̀. A kọ̀wé sí ajẹ́ńtì, àmì pé ó ti kà á hàn, kò fèsì. Dókítà tó gé e ní kí a gbé e padà wá, òun á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò lè dìde jókòó, ta ló máa gbé e wọ bàálù?

Ilé ìwòsàn níbí ló gbà á. Wọ́n ti rọ́bà sí i níkùn kí ìdọ̀tí máa jáde, rọ́bà mìíràn gba imú ẹ̀ wọlé fún oúnjẹ. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ọkọ̀ ẹ̀ la tà, a tún ta ilẹ̀ kan tí Bàbá fi sílẹ̀ ní Mọ̀níyà. Owó tí a fi tún un ṣe ju èyí tó gbé lọ sí Tọ́kì.

Ó wà láàyè. Kò gún abẹ́rẹ́ ṣúgà mọ́. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé tó bá mọ̀, ṣé ì bá tún lọ. Ó ní òun á lọ. Èmi ń bínú, torí èmi ni mò ń sùn lórí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù.

Ará Challenge

Íńdíà ni tèmi, èyí tí wọ́n ń dín àpò oúnjẹ kù tí wọ́n sì tún ìfun so. Físà ìtọ́jú ni mo gbà, ìyàwó mi gba ti ẹni tó tẹ̀lé aláìsàn. Ohun tí kò sí nínú ìwé owó wọn ni fítámì. Títí ayé ni o: áyọ́ọ̀nù, kálsíọ́ọ̀mù, fítámì D, àti abẹ́rẹ́ B12 lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún. Mo ń ra wọn nígbà tí mi ò tíì san owó iléèwé ọmọ. Mo sì mu ẹlẹ́rìndòdò ẹ̀ẹ̀kan, òógùn bò mí, àyà mi ń já, kíá ni mo wá ilé ìyàgbẹ́. Mi ò dán an wò mọ́.

Àǹtí Àpáta

Èmi ò gba ọ̀bẹ, abẹ́rẹ́ semaglutide ni mo lò, tí wọ́n ń pè ní Ozempic. Ó ṣiṣẹ́, ẹ̀bà gan-an ò wù mí mọ́. Ṣùgbọ́n inú fíríìjì ló ń gbé, ẹ̀yin náà sì mọ NEPA wa, gẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ owó mi ju abẹ́rẹ́ lọ. Ayédèrú ẹ̀ náà wà níta, àjọ WHO ṣèkìlọ̀ nípa ẹ̀ ní oṣù kẹfà 2024. Nígbà tí owó tán tí mo dáwọ́ dúró, kílò bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, kó ṣírò ẹ̀ bí owó ilé tí kì í tán.

Oníkàmpálà Gbági

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo fi ìbéèrè Nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí ajẹ́ńtì: ìwé àṣẹ, dókítà lórí fídíò, ẹni tó máa sanwó bó bá jò. Ó ní kí n má ro búburú ro ara mi, pé ẹ̀dínwó parí lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti pe ibi kan tí wọ́n ti ń ṣe é ní Èkó. Owó tiwọn ju ti ajẹ́ńtì lọ, àmọ́ nígbà tí mo ṣírò tíkẹ́ẹ̀tì méjì àti hótẹ́ẹ̀lì mọ́ ti Tọ́kì, ìyàtọ̀ ò pọ̀ mọ́, bó bá sì di òru, ọkọ̀ lè gbé mi débẹ̀. Mi ò tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Mò ń lọ sí MOP, ibi tí wọ́n ti ń rí aláìsàn tí kì í sùn sílé ìwòsàn, ní UCH lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ bá mi mú ṣúgà wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì, àyẹ̀wò ṣúgà olóṣù mẹ́ta tí mo ṣe kọjá, ṣé kí n mú un dání àbí kí n tún un ṣe?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹ mú un dání, Mà, àtèyí tó pẹ́ àtèyí tuntun. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò sínú báàgì, kẹ́ ẹ sì tètè débẹ̀ láàárọ̀, torí èrò.