Ìrọ̀rí mi ti di pẹlẹbẹ: ṣé kí n tún un kì ni, àbí kí n jù ú nù?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Mo ra ìrọ̀rí méjì ní Dùgbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, irú èyí tí wọ́n fi fóòmù wẹ́wẹ́ kì. Nígbà yẹn, wọ́n wú bí búrẹ́dì àárọ̀. Ní báyìí, àárín wọn ti jìn bí àwo, fóòmù ti sá lọ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí mo bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kókó-kókó ni bí ẹ̀bà tí wọn ò rò dáadáa. Bí mo bá jí láàárọ̀, ọrùn mi kì í yí.

Mo mọ̀ pé òógùn àti òróró irun máa ń mú fóòmù lẹ̀ pọ̀. Ẹjọ́ tèmi náà wà níbẹ̀: mo fọ̀ wọ́n nígbà òjò, mo fún wọn bí aṣọ, mo sì kó wọn padà sórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó gbẹ. Òórùn wọn ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Màmá mi ní òwú àràbà ni wọ́n ń kì sí ìrọ̀rí láyé tiwọn, pé kí n tú u, kí n sá a sóòrùn, kí n fọwọ́ ya á. Ṣùgbọ́n fóòmù lèyí, oòrùn líle máa ń jẹ́ kó rún ni. Lánàá, mo ká ọ̀kan sí méjì, mo fi í sílẹ̀. Kò dìde mọ́.

Ta ló ti tún tirẹ̀ kì rí? Ṣé àwọn tó ń ṣe àga ní Mọ̀kọ́lá máa ń ta fóòmù díẹ̀díẹ̀? Àbí kí n kúkú ra oníòwú?