Ooru ìdọ̀tí kọ́, ooru àlòkù ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lánàá, pé àwọn fẹ́ ṣírò bí ooru táwọn iléeṣẹ́ agbègbè kan ń tú sáfẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó, àwọn á sì máa pe ooru náà, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní waste heat, ní "ooru ìdọ̀tí". Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ yẹn ò bá mi lára mu rárá. Ìdọ̀tí lohun tá à ń gbá dà sí ààtàn. Kí ni ooru ṣe tó fi dọ̀tí?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú mi rí. Níbi ẹ̀rọ ìrẹsì kan ní Ìgbẹ́mọ tí màmá mi àgbà máa ń gbé ìrẹsì lọ, ẹ́ńjìnì Lister ló ń yí ẹ̀rọ, àgbá omi ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, páìpù méjì ló so wọ́n pọ̀, omi tútù ń gba ìsàlẹ̀ lọ sínú ẹ́ńjìnì, èyí tó ti gbóná ń gba òkè padà. Tó bá fi máa di ọ̀sán, o ò lè ki ọwọ́ bọ omi yẹn. Tí ọyẹ́ bá dé, àwọn ọmọ ibẹ̀ á bù ú sí bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ wẹ̀, àwọn ìyá á bù ú fọ abọ́, ẹnikẹ́ni ò sì dáná lé e. Nínú dísẹ̀lì lítà 3 tí irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ bá jó, nǹkan bíi ti lítà 1 ló ń yí ẹ̀rọ, ìyókù ń bá omi àti èéfín lọ. Tí omi lítà 200 bá kúrò ní 28°C tó dé 70°C, ooru tó wọ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó wà nínú odindi lítà dísẹ̀lì kan! Ṣé èyí la fẹ́ pè ní ìdọ̀tí?

Àlòkù ni mo fara mọ́. A ti lò ó lẹ́ẹ̀kan, ó kù, ẹlòmíì ṣì lè lò ó, bí aṣọ àlòkù, bí mọ́tò àlòkù. Ẹni tó ní ká sọ pé "ooru òfò" náà gbìyànjú, àmọ́ òfò ń dá ẹnì kan lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ Carnot, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé, ti ṣàlàyé láti 1824 pé ẹ̀rọ oníná ò lè ṣiṣẹ́ àyàfi tí ooru bá ń ti ibi gbígbóná lọ síbi tútù, ooru gbọ́dọ̀ jáde ni. Àwọn Faransé ń pè é ní chaleur fatale, ooru tí ò ní ṣaláì jáde. Abwärme ni ti Jámánì, ooru tó ń kúrò ńbẹ̀, kò séèébú nínú rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì kọ sínú òfin 2023 tó ní káwọn iléeṣẹ́ tó ń lo agbára púpọ̀ máa sọ iye tiwọn fún ìjọba.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé orúkọ yìí máa da ìṣirò yín rú. Ooru 400°C tó ń jáde lẹ́nu ṣímínì lè se omi kó di oru tó ń yí ẹ̀rọ, ti 40°C ò lè ṣe ìyẹn láéláé, bó ti wù kó pọ̀ tó, ó lè sá àgbàdo gbẹ ṣá. Tẹ́ ẹ bá da méjèèjì pọ̀ sínú "ìdọ̀tí" kan ṣoṣo, iye tẹ́ ẹ máa rí ò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pe gbogbo èyí tó jáde ní àlòkù, ẹ pín in gẹ́gẹ́ bó ṣe gbóná tó, kẹ́ ẹ wá fi òfò sílẹ̀ fún èyí tí ò ṣeé kó mọ́. Omi gbígbóná Ìkógòsì ò sí níbẹ̀ o, ilẹ̀ ló mú un gbóná, kò sí ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ lo ooru yẹn kó tó jáde.

"Ìméfò" tẹ́ ẹ pe ìṣirò yín náà, ẹ bá mi yọ ọ́. Ẹni tó ka lítà epo tí iléeṣẹ́ kan jó lọ́dún, tó sì mọ ìwọ̀n tó ń di iṣẹ́ nínú rẹ̀, kò méfò, ó fojú díwọ̀n ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní alágbẹ̀dẹ nílé, pàápàá ẹ̀yin ará Ìrè, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè, kí ni wọ́n ń pe ooru tó kù nínú ààrò lẹ́yìn tí wọ́n bá dáwọ́ ẹwìrì dúró?