Single barrel bourbon: ìgò méjì, orúkọ kan náà, adùn ò bára mu. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

OmoIjebu_Houston:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti Sátidé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ torí mi ò tíì pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ bourbon, wísikí àwọn ará Amẹ́ríkà yìí, ẹmu àti Guinness ni mo bá dàgbà kí n tó dé Houston.

Lóṣù Kẹta tí ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ fẹ̀yìntì, wọ́n ṣí ìgò single barrel kan fún wa (mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò fẹ́ ba ọjà ẹlòmíì jẹ́). Ẹ gbọ́, ọtí yẹn dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ tó wà níwájú mi. Tí n bá gbé ife sún mọ́ imú, ó ń rùn bí ìgbà tí mọ́mì mi bá ń yan ẹ̀pà oníṣúgà, ìgbà tí ṣúgà yẹn bá ti yọ́ tó wá ń pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ìyẹn gan-an. Ó ń lọ wẹ́rẹ́ lọ́nà ọ̀fun, ìgbẹ̀yìn ẹ̀ ló wá ń ta díẹ̀díẹ̀ bí atalẹ̀.

Mo ya fọ́tò ìgò náà, mo wá a kiri, mo rà á ní dọ́là 68. Orúkọ kan náà, ìgò kan náà, proof (bí ọtí ṣe le tó) kan náà. Sátidé tó kọjá àwọn ẹ̀gbọ́n wá sílé mi, àtàárọ̀ ni mo ti ń fọ́nnu pé ẹ dúró ẹ máa rí ọtí. Ìgbà tá a wá ṣí i, ojú tì mí. Igi ni mò ń tọ́ lẹ́nu, igi gbígbẹ, àfi bí ìgbà téèyàn bá ń rún orín. Ẹ̀gbọ́n mi kan wò mí lójú, ó ní "Àbúrò, ṣé torí èyí lo ṣe ní ká má ra Hennessy?"

Ṣé ayédèrú ni? Àbí ọtí náà ti bàjẹ́? Tí kì í bá sì ṣe èyíkéyìí níbẹ̀, kí ló dé tí wọ́n ń gbówó lórí ohun tí kò lè dùn bákan náà lẹ́ẹ̀mejì?

---

AuntyKanta_MD:

Àbúrò, fara balẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lù ẹ́ ní jìbìtì. Ọdún kẹsàn-án mi rèé lẹ́yìn káńtà ọtí ní Maryland níbí, oṣù kan ò lè lọ kí n má gbọ́ ẹjọ́ yìí.

Wò ó, ọtí àgbàdo ni bourbon. Òfin Amẹ́ríkà ló sọ pé nínú ọkà tí wọ́n fi pọn ọ́n, ó kéré tán ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbàdo (sẹ̀kẹ̀tẹ́ tó lọ yunifásítì lèmi máa ń pè é), inú àgbá igi óákù tuntun tí wọ́n ti fi iná jó inú ẹ̀ dúdú bí èédú ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ rọ ọ́ sí, wọn ò gbọdọ̀ fi àwọ̀ tàbí adùn kankan kún un. Funfun báláú bí ògógóró ló ṣe wọ inú àgbá lọ. Gbogbo pípọ́n tó o rí yẹn, igi ló fún un, òórùn ṣúgà tó ò ń sọ yẹn náà, ara igi tí iná jó yẹn ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti wá.

Ibi tí wàhálà ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Igi ò jọ igi. Àgbá kan ń gba bíi gálọ̀nù 53, ìyẹn lítà 200, wọ́n á wá tò wọ́n sínú ilé ńlá kan tó ní àjà mẹ́fà méje, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ni ò ní ẹ̀rọ ooru tàbí ti òtútù. Tí ooru bá mú, ọtí á wú wọnú igi, tí òtútù bá dé á tún fà jáde, ọdún lọ ọdún bọ̀. Èyí tó wà lókè lábẹ́ páànù, oòrùn ń lù ú gan-an, omi ń gbẹ lára ẹ̀, ọtí ibẹ̀ á le, igi á sì hàn nínú ẹ̀ ketekete. Èyí tó wà nísàlẹ̀ á rọra máa dàgbà jẹ́jẹ́. Lọ́dọọdún, bí ìdá mẹ́ta sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, wọ́n ń pè é ní ìpín àwọn áńgẹ́lì.

Àwọn bourbon ojoojúmọ́, ọ̀pọ̀ àgbá ni wọ́n máa ń dà pọ̀, èyí tó le á tún èyí tó rọ̀ ṣe, kí ìgò tó o rà lónìí lè bá ti èṣí mu. Single barrel, wọn ò dà á mọ́ àgbá kankan. Àgbá kan, bóyá ìgò 150 sí 200 àti díẹ̀, ó parí. Omi nìkan ni wọ́n máa ń là á láti mú un wá sí proof tí wọ́n kọ sára ìgò. Ìdí nìyẹn tí proof fi bára mu tí adùn ò fi bára mu.

Jọ̀ọ́ lọ wo fọ́tò tó o yà, ka nọ́ńbà àgbá tó wà lára ìgò yẹn, kó o sì ka ti èyí tó wà nílé ẹ. Màá bá ẹ ta tẹ́tẹ́ ẹ̀yọ kan pé wọn ò jọra.

---

OmoAdemu_Ekiti:

Ohun tí aunty sọ yìí, àwa ọmọ adẹ́mu ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí wa 😂

Bàbá bàbá mi, ọ̀pẹ ni wọ́n ń gùn títí ọjọ́ ogbó. Wọ́n ní ọ̀pẹ kan lẹ́bàá odò tí wọn ò jẹ́ da ẹmu ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti òmíì láéláé, agbè tiẹ̀ lọ́tọ̀, àlejò pàtàkì nìkan ni wọ́n ń bu ún fún. Ti àwọn ọ̀pẹ yòókù, inú kẹ́ẹ̀gì kan náà ni wọ́n ń dà á sí fún àwọn ẹlẹ́mu, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ọ̀pẹ wo ló ti wá. Ti kẹ́ẹ̀gì yẹn kì í já èèyàn kulẹ̀, ojoojúmọ́ ló dùn níwọ̀nba. Ti ọ̀pẹ ẹ̀bá odò, ọjọ́ mìíì wà tí wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á kàn dákẹ́, wọ́n á dà á sílẹ̀.

Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra single barrel, ẹmu ọ̀pẹ kan lẹ̀ ń rà. Ẹ máa dúpẹ́ lọ́jọ́ tó bá dáa.

---

Alagidi_Peckham:

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ apá kejì. Ariwo ọjà ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ single barrel yìí.

Ẹni tó ń da àgbá pọ̀ yẹn gan-an ló ní iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ gbọ́ ìyáàlù nìkan, ó dùn, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí omele àti gúdúgúdú wọlé sí i ẹ wá wò ó bóyá ẹ máa lè jókòó. Àgbá kan ṣoṣo, àléébù ẹ̀ ò níbi tó máa sá sí. Tó bá ń korò, kíkorò yẹn náà lẹ máa mu dénú ìsàlẹ̀ ìgò, ẹ sì ti san owó ju ti ẹni tó ra èyí tí wọ́n fara balẹ̀ pò pọ̀ lọ.

Ẹ tún wo Blanton's. Mo mọ ìtàn ẹ̀, òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde sọ́jà gẹ́gẹ́ bíi single barrel lọ́dún 1984, Elmer T. Lee ló ṣe é ní Frankfort ní Kentucky, ó fi sọ orí Albert Blanton tó ti jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ rí, wọ́n ní bàbá yẹn máa ń lọ fọwọ́ ara ẹ̀ yan àgbá fún àlejò nínú Warehouse H, ọ̀kan lára ilé tí wọ́n ń kó àgbá sí níbẹ̀. Ìtàn tó dáa. Ṣùgbọ́n lónìí, ìdajì àwọn tó ń wá a kiri, ẹṣin tó wà lórí ìdérí ẹ̀ ni wọ́n ń wá! Oríṣi mẹ́jọ ni, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lára orúkọ ọtí náà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèyàn á máa kó o jọ bí ọmọdé tó ń ṣa ọmọ ayò. Àwọn tó ń tún un tà náà ti mọ̀, wọ́n ń gbé owó lé e bó ṣe wù wọ́n.

Small batch, èyí tí wọ́n da àgbá díẹ̀ pọ̀, ni kẹ́ ẹ rà. Ó dùn lónìí, ó dùn lọ́la.

---

AuntyKanta_MD:

@Alagidi_Peckham ìwọ náà mọ̀ pé àgbá òfìfo ló ń pariwo jù 😂 Small batch tó o ń gbé gẹ̀gẹ̀ yẹn, òfin wo ló sọ iye àgbá tó jẹ́ "small"? Kò sí. Àgbá ogún ni o, igba ni o, ẹni tó ń tà á ló mọ̀. Ó kéré tán tèmi, nọ́ńbà àgbá wà lára ìgò, mo lè bá ẹ ṣẹjọ́ lé e lórí.

Lórí owó ṣá, mo gbà fún ẹ. Àwọn kan wà tó jẹ́ àgbá lásán ni wọ́n rọ sínú ìgò tó rẹwà.

---

Surulere_Boy:

Ẹ bá mi dá sí i, Jack Daniel's Single Barrel tí ẹ̀gbọ́n mi gbé wá láti ilẹ̀ òkèèrè ńkọ́, ṣé bourbon nìyẹn náà? Níbi tá a wà yìí Hennessy ni gbogbo èèyàn mọ̀.

---

Egbon_Louisville:

@Surulere_Boy Tennessee whiskey ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń sẹ́ ẹ gba inú èédú igi maple kọjá kó tó wọ àgbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbá kan ṣoṣo yẹn, bákan náà ni. Kó o sì mọ̀ pé ẹni tó kọ́ Jack Daniel fúnra ẹ̀ níṣẹ́ ọtí, adúláwọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú ni, Nathan Green, Nearest ni wọ́n ń pè é. Tó o bá ti fẹ́ mu ún, dárúkọ bàbá yẹn kó o tó gbé ife sẹ́nu.

Ìwọ Ìjẹ̀bú, jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí fún ẹ. Èṣí, àwa mọ́kànlá dáwó jọ, ṣọ́ọ̀bù kan bá wa ṣètò ẹ̀, a lọ sílé ìpọntí kan lápá ibí láti lọ yan àgbá tiwa. Wọ́n yí àgbá mẹ́ta síwájú wa. Ọkà kan náà, ìwúkàrà kan náà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n rọ wọ́n. Ọkùnrin tó ń mú wa kiri ṣí ìdérí wọn, ó ti irin gígùn kan bọ̀ ọ́ (olè ni wọ́n ń pe irin yẹn, mi ò purọ́), ó fà á jáde, ó ń ro sínú ife wa.

Èyí àkọ́kọ́, kò burú kò dáa. Ìkejì, orín tó o sọ yẹn gẹ́lẹ́, ẹnì kan tutọ́. Ìkẹta wá dé, gbogbo ilé dákẹ́. Mo ní àgbálùmọ̀ ni mò ń tọ́ yìí, àgbálùmọ̀ tó pọ́n dáadáa, tó dùn tó tún kan díẹ̀ létí ahọ́n. Ọkùnrin yẹn ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ṣàlàyé títí, ó bá kọ "cherry" sínú ìwé ẹ̀. Ó dáa náà.

Àwọn àgbá mẹ́ta yìí, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ti ń sùn látọdún pípẹ́ o. Táyé, Kẹ́hìndé àti Ìdòwú. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ?

Nítorí náà tó ò bá fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ tún wò ẹ́ lójú mọ́, ohun méjì. Àkọ́kọ́, tó o bá mu èyí tó dáa níbì kan, nọ́ńbà àgbá ni kó o wá, má wá orúkọ. Ìkejì, Four Roses Single Barrel kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ìgò dé ìgò lẹ́nu tèmi. Ọ̀nà mẹ́wàá ni wọ́n ń gbà pọn ọtí níbẹ̀, ẹyọ kan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n ń lò fún single barrel yẹn, ilé tí wọ́n ń kó àgbá sí ò sì lájà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, torí náà ooru òkè àti ti ìsàlẹ̀ ò jìnnà síra. Proof 100 ni, fi omi díẹ̀ sí i.

Èyí tó wà nílé ẹ yẹn, má dà á nù. Mu ún dé èjìká ìgò, dé e, gbàgbé ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta kí afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ ẹ̀ lára ẹ̀, kó o wá kán omi sí i bíi kíkán mẹ́ta. Kò lè di èyí tọ́jọ́sí, ṣùgbọ́n orín yẹn á rọ̀.

---

OmoIjebu_Houston:

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin àgbà. Aunty, ẹ gba ẹ̀yọ kan lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà ò jọra rárá, àgbá àkọ́kọ́ yẹn fi ọdún kan àti ààbọ̀ ṣáájú èyí tí mo rà. Mo pe ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin lórí nọ́ńbà yẹn, ẹnì kan nínú wọn rẹ́rìn-ín sí mi.

Mo ti ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n Louisville sọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Orín yẹn ti lọ sílẹ̀, ṣúgà díẹ̀ ti ń yọjú lẹ́yìn ẹ̀, mo mu ún pẹ̀lú àsun lánàá kò sì burú, ata yẹn ló bá a mọ́ra. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun náà. Ẹ wá wò ó, ìyẹn ló ń ya èmi gan-an lẹ́nu, ọtí tí mo mu ife méjì péré nínú ẹ̀ ni mò ń ṣàárò bí ẹni tó kú.

Ẹ̀gbọ́n Louisville ẹ jọ̀ọ́, alágbàálùmọ̀ yín yẹn, ṣé ó ku ẹyọ kan? Màá sanwó ẹ̀.

---

Egbon_Louisville:

Ó ti tán, àbúrò. Èyí tó gbẹ̀yìn la fi ṣe ìkómọ lóṣù tó kọjá, ìdérí ẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Oṣù Kẹwàá la tún ń lọ yan òmíràn, ààyè ẹnì kan ṣì wà.

---

OmoIjebu_Houston:

Ẹ kọ orúkọ mi sí i sà.