Àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ lójú ogun, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an?

Olófìntótó:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀ bá mi dá sí i. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn ogun, ọ̀gágun ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á sọ ìlú tí wọ́n gbà, wọ́n á sọ iye ṣọ́jà tó kú, ṣùgbọ́n àwọn dókítà tí wọ́n ń gbé àwọn tó fara gbọta lọ bá, ẹ ò ní gbọ́ orúkọ wọn. Mo wá ń rò ó pé tí wọ́n bá gbé 100 èèyàn dé lẹ́ẹ̀kan náà tí dókítà ò sì ju méjì lọ, ta ni wọ́n á kọ́kọ́ dá lóhùn? Ṣé òótọ́ ni pé ọta ìbọn ni wọ́n máa ń ní kí ṣọ́jà fi eyín dì mú kí wọ́n tó fi ayùn gé ẹsẹ̀ ẹ̀? Wọ́n tiẹ̀ ń sùn ṣá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó ṣàlàyé fún mi, bó ti wù kó gùn tó màá kà á tán.

Bàbá Ìtàn:
O ṣeun tó o béèrè. Orúkọ tó yẹ kó o kọ́kọ́ mọ̀ ni Dominique Jean Larrey, ọmọ Faransé, dókítà àwọn ọmọ ogun Napoleon. Kó tó gbé tiẹ̀ dé, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún làwọn dókítà máa ń wà títí ìjà á fi parí, ẹni tó bá ṣubú láàárọ̀ lè wà nílẹ̀ dalẹ́ tàbí dọjọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ á ti dà tán lára ẹ̀. Láàárín 1792 sí 1793 ni Larrey ṣe kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí ò wúwo, tó lè sáré wọ ojú ìjà lọ gbé èèyàn nígbà tí ìbọn ṣì ń dún. Èyí tó tún wú mi lórí jù ni pé ó ní ẹni tí ọgbẹ́ ẹ̀ bá le jù ni wọn á kọ́kọ́ tọ́jú, ì báà ṣe ọ̀gágun, ì báà ṣe ṣọ́jà lásán, kódà ì báà ṣe ọ̀tá. Láyé ìgbà yẹn tó jẹ́ pé ọmọ ọlọ́lá ló máa ń ṣáájú nínú gbogbo nǹkan, ọ̀rọ̀ ńlá ló sọ yẹn.

Nígbà ìjà Borodino ní Rọ́ṣíà ní 1812, wọ́n ní bí 200 apá àti ẹsẹ̀ ni Larrey gé láàárín wákàtí 24. Ẹ má pè é níkà o. Nígbà yẹn, tí ọta bá fọ́ egungun ẹsẹ̀ yángá tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹran ibẹ̀ á jẹrà, kò sí oògùn kankan tó lè dá a dúró, ẹni náà á jẹ̀rora títí á fi kú. Ohun tí Larrey rí fúnra ẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n tètè gé tiwọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ máa ń yè ju àwọn tí wọ́n fi falẹ̀ lọ.

Ní ti pé kí wọ́n máa fi eyín di ọta mú, láti 1846 àti 1847 tí wọ́n ti ń lo ether àti chloroform, ìyẹn oògùn tó ń kun èèyàn lóorun, nǹkan ti yàtọ̀. Pirogov, dókítà ará Rọ́ṣíà, lo ether lójú ogun ní 1847 yẹn gan-an. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861 sí 1865), èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gé lápá tàbí lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ti kùn lóorun kí wọ́n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ohun tó ń bani lọ́kàn jẹ́ ni pé dókítà ò mọ̀ pé ọwọ́ òun náà ló ń gbé ikú kiri. Ayùn kan náà, kànìnkànìn kan náà, omi inú bàsíà kan náà, láti ara ẹnì kan bọ́ sára ẹlòmíì. Ó di 1867 kí Lister, dókítà ará Ìlú Ọba, tó tẹ̀wé jáde lórí bí wọ́n ṣe lè pa kòkòrò àrùn ojú ọgbẹ́.

Nọ́ọ̀sì Tíátà:
Ẹ kú iṣẹ́ Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú tíátà, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé yíyọ ọta jáde ni iṣẹ́ dókítà ojú ogun, ọta gan-an kọ́ ni ìṣòro, nígbà míì wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Ìṣòro ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ àti àkísà aṣọ tí ọta tì wọ inú lọ, pẹ̀lú ẹran tó ti kú káàkiri ibi tó gbà kọjá. Dókítà á la ojú ibẹ̀ kó fẹ̀ dáadáa, á wá máa yẹ ẹran yẹn wò díẹ̀díẹ̀. Á fi ẹ̀mú fún un pọ́n-ún. Tó bá sún kì, tó pupa, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ níbi tó gé, ẹran yẹn ṣì wà láàyè, kó má fọwọ́ kàn án mọ́. Tó bá ti dúdú, tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, tí wọ́n fún un tí kò mira, gé e dànù, má ṣàánú ẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, wọn ò ní rán an o! Wọ́n á fi gọ́ọ̀sì sí i, wọ́n á fi báńdéèjì wé e, ó di nǹkan bí ọjọ́ 4 sí 5 kí wọ́n tó padà wá rán an, ìyẹn tó bá mọ́. Ogun àgbáyé kìíní ló kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yẹn. Ilẹ̀ oko ni wọ́n ti ń jà ní Faransé àti Bẹ́ljíọ̀m, ilẹ̀ tí wọ́n ti ń da ìgbẹ́ ẹran sí látayé dáyé, ẹni tí wọ́n bá rán ọgbẹ́ ẹ̀ pa lọ́jọ́ kìíní, kòkòrò tí kì í fẹ́ atẹ́gùn á máa pọ̀ sí i nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ á wú, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ awọ ẹ á máa gbọ́ ọ tó ń dún páràpárà torí afẹ́fẹ́ tó ti kún abẹ́ ẹ̀. Tó bá ti dé ibẹ̀ yẹn, kò sí àsìkò mọ́.

Ní 1917, nínú ogun yẹn kan náà, dókítà Oswald Robertson fi nǹkan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú ìgò ẹ̀jẹ̀, ó gbé e sórí yìnyín, ó wà nílẹ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè fà á sára àwọn tó bá fara gbọta. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí ọkùnrin yìí, torí lójoojúmọ́ ni mò ń fọwọ́ kan ohun tó bẹ̀rẹ̀ yẹn.

Ọmọ Ológun:
Bàbá Ìtàn, mo bọ̀wọ̀ fún yín sà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kún un. Gbogbo ọ̀rọ̀ wa ń lọ sórí ọ̀bẹ, bẹ́ẹ̀ dókítà tó mọṣẹ́ jù láyé ò lè ṣe nǹkan kan fún ẹni tí wọn ò tíì gbé dé. Ẹ wo egungun itan tó ṣẹ́. Níbẹ̀rẹ̀ ogun àgbáyé kìíní, wọ́n ní nǹkan bí 80 nínú 100 àwọn tí ọta fọ́ egungun itan wọn ló ń kú, torí bí wọ́n ṣe ń gbé wọn lọ ni egungun yẹn ń gún ẹran, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í lo irin gígùn kan tó ń na ẹsẹ̀ gbọọrọ kó má mì, irin Thomas ni wọ́n ń pè é, àwọn tó ń gbé sitírẹ́ṣà náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń dè é, iye tó ń kú sì wálẹ̀ sí bíi 16 nínú 100. Kì í ṣe inú tíátà ni wọ́n ti gba àwọn yẹn là.

Nígbà tó fi máa di ogun Kòríà ní 1950, hẹlikọ́pítà ti ń gbé wọn, tíátà wà nínú tẹ́ǹtì tí wọ́n lè ká kí wọ́n sì kó lọ síbòmíì. Bí wọ́n ṣe ń tètè dé yẹn ló jẹ́ kí dókítà ráyè rán iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó já, dípò kí wọ́n kàn so ó pa. Nígbà ogun àgbáyé kejì, bí ìdajì àwọn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá wọn bà jẹ́ ló pàdánù apá tàbí ẹsẹ̀, ní Kòríà ó wá di bíi 13 nínú 100.

Ní ti oorun, bó bá ṣe rí ni o. Wọ́n lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan láìsí nǹkan kan, wọ́n á máa se irinṣẹ́, wọ́n á máa ká báńdéèjì, wọ́n á kọ lẹ́tà sílé. Tí ìjà bá wá dé, tábìlì méjì ni wọ́n á tò síra wọn, bí dókítà bá ṣe ń parí lórí èyí, wọ́n á ti kun ẹni tó wà lórí ìkejì lóorun, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa yí láti ọ̀sán mọ́jú. Ewu sì wà fáwọn náà. Norman Bethune, ọmọ Kánádà, ìka ló fi gé níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ abẹ fáwọn ṣọ́jà ní Ṣáínà ní 1939, àrùn gba ibẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ó sì kú.

Olófìntótó:
Ẹ ṣeun ṣeun, mo kà á tán, mo tún padà kà á. Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú ma, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi léyìí. Ẹni tí wọ́n bá wò tí wọ́n rí i pé kò lè yè ńkọ́? Wọ́n kàn máa ń fi í sílẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Tíátà:
Wọn kì í pa á tì o. Tí èrò bá pọ̀ ju ọwọ́ lọ, wọ́n á gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á fún un ní mọ́fíìnì kí ìrora lè dín kù, wọ́n á sì wá ẹni tó máa jókòó tì í, nọ́ọ̀sì tàbí àlùfáà. Torí wákàtí mẹ́rin tí dókítà máa lò lórí ẹnì kan yẹn, èèyàn mẹ́ta mẹ́rin tó lè yè á ti kú lórí ìlà. Ìpinnu yẹn wúwo gan-an, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n máa ń fi síbi tí wọ́n ti ń yan èèyàn, kì í ṣe ọmọ tuntun. Wọn kì í sì yàn án lẹ́ẹ̀kan pa tì. Bí ìlà bá ṣe ń kúrú, wọ́n á padà lọ bá àwọn tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á tún di ọwọ́ wọn mú wo bí iṣan ṣe ń sọ, ẹni tó bá ṣì ń gbìyànjú, wọ́n á gbé òun náà lọ sórí tábìlì.