Ìyàwó mẹ́rin, ẹnu mẹ́rin: ta ni kí n gbà gbọ́ nínú ìwé yìí?

Ọmọ Ìperu:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwé Lola Shoneyin tó jáde ní 2010, The Secret Lives of Baba Segi's Wives, ni mò ń kà lọ́wọ́. Ọmọ-ọmọ Ọba Okupe, Aláperu tó fẹ́ ìyàwó márùn-ún, ni òǹkọ̀wé náà, ìyẹn ló jẹ́ kí n rà á. Ìbàdàn ni ìtàn ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀, nílé Bàbá Sẹ̀gi tó fẹ́ ìyàwó mẹ́rin. Orí kan, Ìyá Sẹ̀gi ń sọ̀rọ̀. Orí míì, Bọ́láńlé, ìyàwó kẹrin. Ó tún di Ìyá Tọ́pẹ́. Ọkọ sọ tiẹ̀, dẹ́rẹ́bà rẹ̀ pàápàá sọ̀rọ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú jù ni pé ẹni tí mo bá gbọ́ tiẹ̀ gbẹ̀yìn ni mo máa ń gbè lẹ́yìn. Mo ti kórìíra Ìyá Sẹ̀gi; nígbà tó sọ tẹnu ẹ̀, àánú ẹ̀ ṣe mí. Báwo lẹ ṣe ń ka irú ìwé báyìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìparí fún mi.

Oníwèé Ìjẹ̀bú Òde:
Ẹ kú ìwé kíkà, àǹtí mi. Ẹ kọ orúkọ àwọn ìyàwó sórí bébà bí wọ́n ṣe wọlé tẹ̀ léra. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tó gbé e dé ilé ọkọ. Bàbá Ìyá Tọ́pẹ́ ló fi í dí gbèsè irè oko tí kò ṣe dáadáa. Ẹni tí wọ́n fi san gbèsè kò lè rí ilé yẹn bí ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé.

Bàbá Ṣàgámù:
Ọmọ mi, má tíì dá ẹjọ́. Mo ti jókòó ní ìpàdé ẹbí tí wọ́n ti fẹ́ pín ilé olóògbé tó fẹ́ ìyàwó púpọ̀. Àwọn kan ní ìdí-igi ni kí á fi pín in, ìyẹn ni pé kí ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan náà. Àwọn tí ìyá wọn bímọ jù ní rárá o, orí-ò-jorí ni, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan náà. Kò sẹ́ni tó purọ́ níbẹ̀. Kálukú kàn fo ibi tí kò gbè é ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé yẹn. Tí ìyàwó kan bá ń sọ̀rọ̀, má wulẹ̀ bi í bóyá òótọ́ ni, bi í pé kí ló fò. Ẹni tó máa sọ ọ́ ń bọ̀ níwájú.

Tíṣà Òde-Rẹ́mọ:
Ti bàbá dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n èmi ò fara mọ́ ti bébà. Ẹ kà á sókè, etí yín á dá wọn mọ̀. Kí ẹ sì máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Lójú àwọn ìyáálé, agbéraga ọ̀mọ̀wé ni Bọ́láńlé. Lójú ara ẹ̀, ibi tí ọgbẹ́ òun á ti jinná ló ń wá.

Ọmọ Ìperu:
Ẹ ṣé gan-an ni. Bàbá, mo ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè yín. Ẹ̀yin tó wà ní Ìperu àti Ìlíṣàn, ta ló máa bá mi kà á sókè lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn?