Ẹ̀yin wẹ́dà Abuja àti Kàdúná, kí ló kọ́kọ́ ṣe yín kí ẹ tó mọ̀ pé èéfín iṣẹ́ yín ló fà á?

Wẹ́dà Àpò: Ibà ọjọ́ Mọ́ńdè ni tèmi. Tí mo bá jó páìpù onísíǹkì lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́, òtútù á mú mi, ẹnu mi á dà bí ẹnu ẹni tó lá kọ́bọ̀. Mo lo oògùn ibà, kò ju ọjọ́ kejì lọ tí ara fi yá, oògùn ló gba ọpẹ́. Nọ́ọ̀sì kan tó wá ṣe géètì ló bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yìn ìsinmi ló máa ń dé?" Bẹ́ẹ̀ ló rí! Ó ní èéfín síńkì ni. Téèyàn bá ń fà á lójoojúmọ́, ara á mú un mọ́ra. Téèyàn bá sinmi, ara á gbàgbé. Ẹ tún wo àwa tá à ń mu mílíìkì láti fi fọ àyà. Ikùn ni mílíìkì ń lọ o.

Àǹtí Kàdúná: Ọjà Panteka ní Kàdúná ni àbúrò mi ti ń jó irin stainless. Ikọ́ kì í jẹ́ kó sùn, àyà rẹ̀ ń súfèé. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, kò sí ikọ́ ife. Fọ́tò àyà mọ́. Àwọn ará ilé ní ọyẹ́ ló fà á. Àfi ìgbà tá a lọ ṣe Iléyá ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ikọ́ dákẹ́. Bó ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ ló tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò ó fún dókítà. Ó ní kó ra peak flow meter, ìyẹn ohun èlò kékeré tá a fi ń wọn bí èémí ṣe lágbára tó, kó máa fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, lọ́jọ́ iṣẹ́ àti lọ́jọ́ ìsinmi, kó máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Lọ́jọ́ iṣẹ́, nọ́ńbà ń wálẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó ń gòkè. Àsìmá tí iṣẹ́ fà ni. Chromium àti nickel, àwọn irin tó wà nínú èéfín stainless, lè fà á, fọ́tò kì í sì í sábà fi í hàn.

Ọ̀gá Ńyáńyá: Tèmi yàtọ̀ pátá. Mò ń mí dáadáa, fọ́tò ló kún fún àmì tótòtó. Oògùn ikọ́ ife ni wọ́n fẹ́ fún mi kí dókítà mìíràn tó bèèrè iṣẹ́ mi. Eruku irin tó jókòó sí ẹ̀dọ̀fóró ni, òun ni wọ́n ń pè ní siderosis. Mo ṣe spirometry, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wọn èémí, èémí pé. Síbẹ̀ ó ní kí n máa ṣe é lọ́dọọdún, torí ẹ̀dọ̀fóró lè ti máa rẹ̀yìn kéèyàn tó fura. Láti 2017 ni IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti ka èéfín wẹ́dà mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ.

Wẹ́dà Àpò: Àǹtí, ẹ ṣé. Ilé oògùn lásán lẹ ti rí peak flow meter yẹn rà?