Iṣẹ́ ní Shinagawa, ilé ní Musashi-Kosugi: ṣé èèyàn lè fara da rélùwéè àárọ̀ ibẹ̀?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú béèrè:

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Japan, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kó kúrò ní Nagoya wá sí ẹ̀gbẹ́ Tokyo, Shinagawa ni iṣẹ́ tuntun tí mo rí wà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la ó máa wọlé. Ajẹ́ńtì wá ń sọ fún mi pé Musashi-Kosugi ní Kawasaki ni kí n gbà, pé bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni rélùwéè fi ń ti ibẹ̀ dé Shinagawa, ilé gogoro pọ̀, ọjà wà lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ẹ̀ dùn mọ́ mi àmọ́ mo tún ń gbọ́ pé láàárọ̀ ńṣe làwọn èèyàn máa ń tò dé ìta kí wọ́n tó ráyè wọ géètì, pé téèyàn bá wọkọ̀ tán kò ní lè gbé ọwọ́. Ìyàwó mi sì lóyún. Ṣé òótọ́ ni àbí àsọdùn? Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni kó dá mi lóhùn jọ̀ọ́.

Àṣàbí_Kawasaki:

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Ibẹ̀ ni mò ń gbé, kì í ṣe àsọdùn, àmọ́ ti tẹ́lẹ̀ lẹ gbọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọkàn sí eléyìí: Musashi-Kosugi yìí, ibùdókọ̀ bíi mẹ́ta ló jẹ́ orúkọ kan náà. Láìnì Nambu ti JR wà níbẹ̀, láìnì Toyoko àti Meguro ti Tokyu, ilé iṣẹ́ rélùwéè míì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, láìnì Yokosuka ti JR wá dá wà lápá ibòmíì, láti pèpéle Nambu dé ti Yokosuka ìrìn ìṣẹ́jú bíi márùn-ún ni, tí èrò bá pọ̀ ó lè sún mọ́ mẹ́wàá, inú géètì JR kan náà lẹ sì wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin o. Yokosuka yẹn ló sì ń lọ Shinagawa tààrà, ibùdókọ̀ Nishi-Oi nìkan ni ọkọ̀ á dúró sí lọ́nà.

Oṣù Kẹta 2010 ni wọ́n ṣí pèpéle Yokosuka. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ló wà ládùúgbò yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n wó wọn, wọ́n kọ́ ilé gogoro rọ́pò, gbogbo èèyàn tó kó wọ̀ ọ́ wá ń rọ́ lọ sórí pèpéle kan ṣoṣo, ẹni tó ń lọ Tokyo àti ẹni tó ń lọ Yokohama jọ ń fún ara wọn lórí ẹ̀. Ohun tó fa títò dé ìta nìyẹn. Oṣù Kejìlá 2022 ni wọ́n tó ṣí èkejì, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ti ní tiẹ̀ báyìí, ara sì tù wá díẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síwèé ilé pé ìṣẹ́jú márùn-ún sí ibùdókọ̀, ẹ bi ajẹ́ńtì pé géètì wo? Tó bá ní ti Tokyu, ẹ tún ìrìn yín ṣírò.

Bùrọ̀dá_Saitama:

Òótọ́ ni Àǹtí sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìjọba kún un, torí wọ́n máa ń wọn bí èrò ṣe há mọ́nú ọkọ̀. 100%, oníkálukú jókòó tàbí ó rí nǹkan dì mú. 150%, ẹ ṣì lè tẹ́ ìwé ìròyìn kà. 180%, àfi kẹ́ ẹ ká a. 200%, ara ń fún ara dáadáa. 250%, ọkọ̀ bá mì, gbogbo yín á jọ fì ni, ọwọ́ ò ní ṣeé gbé. Lọ́dún 2018, láti Musashi-Kosugi sí Nishi-Oi, 197% ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún wákàtí tó le jù láàárọ̀, díẹ̀ ló kù kó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo agbègbè Tokyo. Lẹ́yìn kòrónà ó wálẹ̀ gan-an.

Tí ọ̀gá yín bá lè gbà kẹ́ ẹ máa wọlé ní aago mẹ́wàá, ẹ béèrè ṣá. JR ní teiki (káàdì ìrìnnà tí wọ́n ń san owó ẹ̀ lóṣooṣù) kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà lóṣù Kẹta 2023 tí owó ẹ̀ kéré sí èyí táà ń rà, àmọ́ ẹ ò ní lè fi wọlé lásìkò tí èrò pọ̀ láàárọ̀, tẹ́ ẹ bá fi wọlé wọ́n á gbowó lọ́wọ́ yín lọ́tọ̀.

Ìyá_Tèmi:

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ló ká mi lára jù, gbogbo yín kàn ń ka nọ́ńbà. Mo lóyún nígbà tí mò ń wọ Yokosuka yẹn. Ẹ jẹ́ kó lọ gba báàjì aláboyún tó pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ń fún èèyàn ní ọ́fíìsì ibùdókọ̀, kó so ó mọ́ báàgì níbi tójú á ti rí i. Àmọ́ tí ọkọ̀ bá kún, ẹni tó jókòó ò lè rí báàjì, ẹ̀yìn àwọn tó dúró ló ń rí. Kó lo Green Car, ìyẹn yàrá ọkọ̀ tí wọ́n ń san àfikún owó fún, tó bá pọn dandan, ẹ sanwó lé e kẹ́ ẹ tó wọlé, tẹ́ ẹ bá jókòó ẹ fi Suica, káàdì tẹ́ ẹ fi ń sanwó ọkọ̀, kan àmì tó wà lókè orí ìjókòó, iná pupa á di àwọ̀ ewé. Kì í ṣe pé wọ́n fi ìjókòó pamọ́ dè yín o, tó bá kún ẹ ó dúró, àmọ́ ẹnì kankan ò ní fi ìgúnpá gún un níkùn.

Ọsibítù yunifásítì kan sì wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ lè gbé e dé, kò pọn dandan kó wọkọ̀ rárá. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń bẹ̀ yín nípa ilé gogoro: lóṣù Kẹwàá 2019 tí ìjì jà, omi odò Tama padà gba inú kótó jáde, iná kú ní ọ̀kan nínú àwọn ilé yẹn, ẹ̀rọ agbéniròkè ò ṣiṣẹ́. Aláboyún á gun àtẹ̀gùn dé ibo? Ẹ bá wọn wo àjà tí ẹ̀ ń gbà, kẹ́ ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ iná wọn sí.

Àṣàbí_Kawasaki:

Ẹ ṣé Ìyá wa. Mo gbàgbé eléyìí: lọ́jọ́ tí Yokosuka bá dúró, ẹ má dúró dè é. Ẹ bọ́ sí láìnì Meguro ti Tokyu, ẹ sọ̀ ní ibùdókọ̀ Meguro, ẹ wọ láìnì Yamanote ti JR dé Shinagawa. Tó bá jẹ́ teiki lẹ fi wọlé wọn ò ní gba owó míì lọ́wọ́ yín, wọ́n ń pè é ní furikae, àmọ́ tó bá jẹ́ owó inú Suica lásán lẹ fi wọlé, kò kàn yín, ẹ ó san tuntun ni. Ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ ra teiki nìyẹn, pàápàá tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ló ń sanwó ẹ̀.

Gbénga_Shinkawasaki:

Ẹ wo Shin-Kawasaki náà, ẹ̀gbọ́n. Láìnì Yokosuka kan náà ni, òun ló ṣáájú Musashi-Kosugi tẹ́ ẹ bá ń lọ Tokyo, ẹ ó ti wọlé kí ogunlọ́gọ̀ yẹn tó wọ̀. Ìjókòó ò dájú, àmọ́ ẹ ó ti rí ibi tó dáa dúró. Ọjà ò tó ti ibẹ̀, ìyẹn ò pamọ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti kọ̀wé sí ajẹ́ńtì láti béèrè géètì. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ èmi àti ìyàwó mi á wá sùn ní Kawasaki, àárọ̀ Túsìdeè ni màá lọ wọ ọkọ̀ aago mẹ́jọ kí n fojú ara mi rí i, òun á fẹsẹ̀ rin ti ọsibítù yẹn wò. Gbénga, owó ilé ní Shin-Kawasaki ńkọ́, fún yàrá méjì?